Bíréèkì Tí Mo Tún Ṣe Sílẹ̀ De Táófíkì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń yà sọ́dọ̀ mi lórí bẹ́ǹṣì yìí, tí ẹ máa ń bi mí pé, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ mẹ́káníìkì dáa? Ṣé kí n lọ kọ́ ọ?" ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá yín lóhùn ní ìdákúrekú. Lónìí mo fẹ́ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ìtàn owó lẹ bá ń wá, ẹ lọ bá àwọn tó ń ta ilẹ̀. Owó tí mo rí nídìí iṣẹ́ yìí bọ́ wa, ó kọ́ ilé kan, ó rán ọmọ kan lọ síléèwé, ó parí síbẹ̀. Ohun mìíràn ló wà lọ́kàn mi.

Gáníyù lorúkọ mi. Ní Ìkirè yìí, Ọ̀gá Gání Ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń pè mí, nítorí pé ẹsẹ̀ mọ́tò àti bíréèkì ni iṣẹ́ mi, n kì í dá sí ẹ́ńjìnnì àfi bó bá di dandan. Ẹsẹ̀ mọ́tò la ń pe gbogbo ohun tó gbé mọ́tò dúró lórí táyà: sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì, búṣì, ìyẹn rọ́bà tó máa ń wà láàárín irin méjì, àti àwọn irin tó so wọ́n pọ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Orúnkún mi kò jẹ́ kí n wọ abẹ́ mọ́tò mọ́ láìkérora. Sìkírá, ìyàwó mi, ti kú. Táófíkì, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa, wà ní Kánádà. Ọkọ̀ kan ló kù nínú ṣọ́ọ̀bù mi, Gọ́ọ̀fù pupa onílẹ̀kùn méjì. Ọkọ̀ tí Táófíkì rà ni. Òun ni mo tún ẹsẹ̀ àti bíréèkì rẹ̀ ṣe gbẹ̀yìn, tí mo sì ń retí nígbà náà kí ọmọ mi wálé wá jókòó sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe débẹ̀.

Bàbá mi ní oko kòkó ní Ìkirè-Ilé. Nígbà tó rí i pé gbogbo ohun tó bá bàjẹ́ nínú ilé, èmi ni mo máa ń tú u palẹ̀, ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí Àpòmù lọ́dọ̀ Ọ̀gá Àmọ̀dù. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ṣàdúrà, mo di ọmọ iṣẹ́. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ nípa owó, n kò mọ̀ ọ́n, n kò sì béèrè rí.

Ọ̀gá Àmọ̀dù ga, ó gbẹ, kì í sì í pariwo. Ẹ máa ń gbọ́ pé àwọn ọ̀gá ayé ìgbà yẹn a máa fi sípánà sọ ọmọ iṣẹ́ lórí. Tèmi kò na ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀rọ̀ kan ló ní, ọ̀rọ̀ náà sì dùn wá ju ẹgba lọ: "Tú u." O lè ti wà lábẹ́ mọ́tò láti àárọ̀, kí o ti so gbogbo nǹkan padà, kí o ti fọwọ́, kí ebi sì máa han ọ́ léèmọ̀. Ọ̀gá á wá, á kúnlẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì di táyà mú, á mì í. Bó bá gbọ́ ìró kékeré kan báyìí, èyí tí ìwọ tí o tún un ṣe kò gbọ́, á dìde, á gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù. "Tú u." Kò ní ṣàlàyé. O ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́.

Ó pẹ́ gan-an kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan sípánà. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ló fún mi. Mo ń fọ búṣì, mo ń fọ nọ́ọ̀tì, mo ń to nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú agolo tirẹ̀. Bí mo bá to ti ọ̀tún mọ́ ti òsì, ẹ ti mọ ohun tí ọ̀gá máa sọ. Inú máa ń bí mi nígbà náà, mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ìgbà tí mo dàgbà ló tó yé mi pé ọwọ́ mi ló ń kọ́ níṣẹ́. Títí dòní, ẹ dì mí lójú, kí ẹ gbé búṣì méjì lé mi lọ́wọ́, màá sọ èyí tó ti jẹ nínú wọn fún yín.

Ẹnì kan ló mú kí n lè fara da Àpòmù. Lásísì lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ararọ̀mí-Òwu. A jọ jẹ́ ọmọ iṣẹ́, ẹní kan la sì jọ ń sùn lé. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, kò sí ẹni tí kì í fi ṣẹ̀fẹ̀. Iṣẹ́ bíréèkì ló so wá pọ̀, nítorí pé ó ṣòro kí ẹnì kan dá a ṣe. Òróró bíréèkì ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ dírẹ́bà gba inú páìpù tóóró lọ sí ìdí táyà. Bí ẹ bá tú páìpù yẹn, atẹ́gùn á wọ inú rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá wà níbẹ̀, tí ẹ bá tẹ pẹ́dàlì, á kàn rì wọlẹ̀ ni, mọ́tò kò ní dúró. Nítorí náà, ẹnì kan á jókòó sínú mọ́tò, á máa tẹ pẹ́dàlì. Ẹnì kejì á wà lábẹ́, á ṣí nọ́ọ̀tì kékeré kan kí atẹ́gùn lè jáde, á sì dì í pa kí ẹni òkè tó gbé ẹsẹ̀. Bí ẹ̀yin méjèèjì kò bá gbọ́ra yín yé, ẹ kàn ń fi àárọ̀ ṣòfò ni.

"Tẹ̀ ẹ́!" èmi á ké láti abẹ́.

"Mo ń tẹ̀ ẹ́!"

"Dì í mú!"

"Mo ti dì í mú! Gáníyù, ṣé o ti sùn lọ síbẹ̀ yẹn ni? Ẹsẹ̀ ti ń ro mí o."

"Ṣe sùúrù. Òróró ń ta sí mi lójú."

"Kó ta sí i dáadáa, kí ojú rẹ lè là."

Bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn. N kò ní ẹ̀gbọ́n, n kò ní àbúrò, Lásísì ló dúró fún méjèèjì.

Ọjọ́ ọjà ni ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́. Àna ọ̀gá wa kan tó ń ra kòkó gbé píkọ̀ọ̀pù rẹ̀ wá, òun àti dírẹ́bà rẹ̀. Ó ní bíréèkì rẹ̀ kò mú mọ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló tú ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ó pààrọ̀ rọ́bà, ó pààrọ̀ ṣúù tó ń di táyà mú, ó so ó padà, pẹ́dàlì sì le bó ṣe yẹ. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ ni pé dírẹ́bà náà ti po ọṣẹ mọ́ omi lójú ọ̀nà nígbà tí òróró bíréèkì rẹ̀ tán, ó sì ti rọ ọ́ sínú ìgò òróró. Àwọn dírẹ́bà wa a máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, àwọn kan sì ń ṣe é títí di ìsinsìnyí. Bí ọkọ̀ bá tutù, omi ọṣẹ kò ní fi ara rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá wà lẹ́yìn, tí bíréèkì sì gbóná lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, omi á hó nínú páìpù, pẹ́dàlì á sì rì. Omi náà ti wà nínú páìpù iwájú, ibi tí ọ̀gá kò tú.

Ọ̀gá ní kí àna òun jókòó, kí àwọn jọ gbé e lọ sórí òkè, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ léraléra títí á fi gbóná. Ọkùnrin náà fárí gá.

"Kòkó mi wà nílẹ̀, Gbọ̀ngán ni mò ń lọ. Àmọ̀dù, àbí iṣẹ́ rẹ kò dá ọ lójú ni?"

Ọ̀gá kò fẹ́ bá àna rẹ̀ jà lójú ọmọ iṣẹ́. Ó ní kí wọ́n máa lọ. Lásísì ń lọ sí Gbọ̀ngán lọ ra sílíńdà bíréèkì kan, ó bá wọn gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó jókòó sórí àpò kòkó bí ìjòyè. Ó juwọ́ sí mi. "Gáníyù, má jẹ ẹ̀bà tèmi o!"

Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ sí afárá, bíréèkì kò dáhùn. Dírẹ́bà àti olówó ọkọ̀ fara pa, ṣùgbọ́n wọ́n yè é. Lásísì kò yè é. Nígbà tí a máa fi débẹ̀, kòkó ti tú ká gbogbo ojú ọ̀nà, wọ́n sì ti fi aṣọ bò ó. Dírẹ́bà náà ló fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ omi ọṣẹ. Ẹkún ló ń sun. Ó ní ọ̀gá òun dúró tì wá ní ṣọ́ọ̀bù, òun sì bẹ̀rù kó má bàa bú òun, ìdí nìyẹn tí òun kò fi sọ. A sin Lásísì sí Ararọ̀mí-Òwu ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo padà sí Àpòmù, mo tẹ́ ẹní wa, ó fẹ̀ jù fún mi. Mo sunkún bí ọmọdé, ojú kò sì tì mí láti sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá ti ṣòfin. Iṣẹ́ bíréèkì kò parí lọ́dọ̀ rẹ̀ títí olówó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yóò fi jókòó sídìí sítíárì, tí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà yóò jókòó tì í, tí wọn yóò sì jọ gbé e lọ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìbáà jẹ́ ọba, ìbáà jẹ́ àna. Ẹni tí kò bá ráyè, kó fi ọkọ̀ sílẹ̀ dìgbà tó bá ráyè. Oníbàárà ń bínú lọ nítorí òfin yìí, ọ̀gá kò yí i padà. Ọjọ́ tí mo gba fírídọ́ọ̀mù, kó tó gbé irinṣẹ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n sọ òfin náà fún òun lójú gbogbo èèyàn. Mo sọ ọ́.

Mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀ ní Ìkirè, mo sì fẹ́ Sìkírá. Aránṣọ ni, a gbé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti tèmi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń wá, wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n bó bá ti kan ká yọ atẹ́gùn bíréèkì, Sìkírá ni mo máa ń pè. Ẹsẹ̀ tó ń fi máṣíìnì ìránṣọ ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ nǹkan. Á fi téèpù kọ́ ọrùn, á bọ́ bàtà, á wọ inú mọ́tò oníbàárà bí ẹni tó ni ín. N kò ní láti pariwo sí i. Nígbà mìíràn, tí mo bá rò pé mo ti parí, á ní, "Bàbá Táófíkì, atẹ́gùn ṣì wà níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀." Màá tún ṣí nọ́ọ̀tì náà, ìfóòfó á sì jáde lóòótọ́. Bí ẹ bá ń wá ìgbà tí iṣẹ́ yìí dùn mọ́ mi jù, ìgbà yẹn ni.

Irinṣẹ́ ń yí padà. Láyé ọ̀gá mi, wáyà la fi ń di sípíríǹgì mọ́lẹ̀ ká tó lè yọ ọ́, a ó sì máa gbàdúrà kó má ta síni lójú. Nígbà tó yá, irin tí wọ́n fi ń fún un pọ̀ dé, ara tù wá. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé. Ọkọ̀ ayé òde òní a máa ka àìsàn ara rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà létí, kálukú sì wá ń béèrè bóyá mo ní i. N kò bá a ṣọ̀tá. Ó ń rí ohun tí ọwọ́ mi kò lè rí. Ṣùgbọ́n ojú mi kò gbé lẹ́tà wínníwínní inú rẹ̀ mọ́, àwọn oníbàárà sì ń dín kù. Àwọn ẹgbẹ́ mi kó lọ sí ọgbà mẹ́káníìkì lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, ikú mú òmíràn lọ. Ọmọ iṣẹ́ mi tó gbẹ̀yìn lọ ra ọ̀kadà. Bí ẹ ṣe rí i yìí náà ni ṣọ́ọ̀bù ṣe ń dá páro díẹ̀díẹ̀, títí mo fi ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ ara mi.

Táófíkì kò kọ́ṣẹ́ mi. Ó lọ sí Poli, ó ríṣẹ́ ní Ìbàdàn. Owó àkọ́kọ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ ló fi ra Gọ́ọ̀fù yìí. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, kékeré báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kì sínú rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ẹ kàn án lẹ́sẹ̀ pẹ́rẹ́, á fò bí ẹtu. Ọmọ mi wá ní kí wọ́n bá òun gé sípíríǹgì rẹ̀ kúrú, kó lè sún mọ́lẹ̀, kí ojú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè wà lára rẹ̀. Ọjọ́ tó gbé e wá kí wa, láti ìkóríta ni mo ti ń gbọ́ tó ń fi ikùn ha ilẹ̀.

"Ta ló gé e?" mo bi í.

"Bàbá, bó ṣe ń lọ nìyẹn níta. Ẹ ò rí i bó ṣe fín?"

"Ó fín. Wọ́n máa ń wọ aṣọ funfun fún òkú pẹ̀lú, ó máa ń fín."

Sìkírá yọrí láti ìdí máṣíìnì rẹ̀. "Bàbá Táófíkì, ẹ jẹ́ kí ọmọ ó jẹun ná kí ẹ tó sin ín!"

A rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ sí i, ìwé Kánádà Táófíkì jáde. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ bá mi tún ẹsẹ̀ àti bíréèkì rẹ̀ ṣe bí ẹ ṣe fẹ́. Bí mo bá wálé fún Iléyá, èmi àti ẹ̀yin la jọ máa gbé e lọ sí Òṣogbo." Mo ní kò burú. Mo fi ọkọ̀ náà sí ibi tí òjò kò ti lè pa á.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ni Sìkírá ṣàìsàn, tó sì kú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀sìn wa kì í jẹ́ kí òkú sùn. Àárọ̀ ló kú, a sì ti sin ín ká tó kírun Aláásáárì. Táófíkì sunkún títí lórí fóònù, kò sí bó ṣe lè bá wọn débẹ̀. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, Iléyá ń bọ̀.

Nígbà tí ilé dá tán, mo kọjú sí Gọ́ọ̀fù. Mo gbé e sókè, mo tú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. Ọkọ̀ tó yára bẹ́ẹ̀ yẹn, bíréèkì àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ẹ̀mí ẹni tó wà nínú rẹ̀. Mo lọ sí ọjà páàtì ní Ìbàdàn lọ wá sípíríǹgì gidi tí ẹnikẹ́ni kò gé. Búṣì ẹ̀yìn ti jẹ tán, ó há mọ́ inú irin bí ẹni tí wọ́n fi símẹ́ńtì lẹ̀ mọ́bẹ̀. Mo fi bóòtù gígùn àti ègé páìpù tì í jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo fọ ojú irin náà títí ó fi ń dán, mo fi ọṣẹ pa búṣì tuntun lára kó lè wọlé. Kálípà ẹ̀yìn, irin tó ń ti páàdì bíréèkì mọ́ ìdí táyà, ti dípẹtà, kò lè tú páàdì sílẹ̀ mọ́. Mo tú u, mo fi sánpépà bó o, mo pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀. Páìpù bíréèkì tí ìpẹtà ti jẹ, mo gé e dànù, mo tẹ òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, èmi fúnra mi á kúnlẹ̀, màá mì táyà. Bí mo bá gbọ́ ìró, màá sọ fún ara mi pé, "Tú u."

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Táófíkì máa ń pè mí. Kí ni bàbá tó wà ní Ìkirè àti ọmọ tó wà nínú yìnyín fẹ́ máa bá ara wọn sọ? Ara ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ó ti tán. Ọkọ̀ yìí ló ń fún wa lọ́rọ̀ sọ. Á ní, "Bàbá, ibo lẹ dé?" Màá ní, "Mo ti yọ búṣì." Á ní, "Èyí òsì àbí èyí ọ̀tún?" Inú mi á dùn, màá sì rò ó fún un látòkèdélẹ̀. Ó fi páàdì tuntun rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé sí mi. Mo gbóòórùn báàgì tí wọ́n fi dì í, bóyá màá gbóòórùn ilé rẹ̀. Rọ́bà ni mo gbóòórùn.

Iléyá kan kọjá, ìwé rẹ̀ kò tíì pé. Òmíràn kọjá, ìyàwó rẹ̀ tó fẹ́ níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Òmíràn kọjá, ibi iṣẹ́ kò fún un láyè. N kò bínú. Ọdún ń gorí ọdún, mo ń bá iṣẹ́ lọ ní ìwọ̀n bí ẹsẹ̀ mi ṣe gbé e.

Ohun tó wá kù ni ká yọ atẹ́gùn bíréèkì. Mo fi pákó ti pẹ́dàlì mọ́lẹ̀ láti orí àga, mo wọ abẹ́, mo ṣí nọ́ọ̀tì, mo jáde, mo tún pákó ṣe, mo padà wọlé. Orúnkún mi ń ké. Pákó kò lè sọ fún mi bóyá atẹ́gùn ṣì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàárò Sìkírá débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú òróró. Nígbà tó yá, mo ké sí Ìyá Kúdí tó ń dín dòdò ní iwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ìyá Kúdí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi tẹ nǹkan."

"Ọ̀gá Gání, epo dòdò wà lẹ́sẹ̀ mi o. Mi ò ní ba mọ́tò ọmọ yín jẹ́?"

"Ẹ nù ún. Ẹ wọlé. Èyí tó wà láàárín, ẹ tẹ̀ ẹ́."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́. Yéè, ó ti rì! Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?"

"Ẹ ò bà á jẹ́. Ẹ dì í mú."

"Títí dìgbà wo? Dòdò mi wà lórí iná!"

Ṣùgbọ́n ó fara dà á. Ó ń sáré lọ yí dòdò, ó ń sáré padà wá tẹ pẹ́dàlì, títí pẹ́dàlì náà fi le gbagidi. "Ó ti ń lé ẹsẹ̀ mi padà o, Ọ̀gá Gání." Mo jáde lábẹ́ mọ́tò, mo ṣọpẹ́ fún Ọlọ́run.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Nígbà tí fóònù dún, mo tẹ ibi tí ohùn ti ń jáde síta, nítorí etí mi kò gbọ́ dáadáa mọ́. Ìyá Kúdí ṣì ń nu ẹsẹ̀.

"Táófíkì, ó ti tán. Pẹ́dàlì ti le. Ó ku kí olówó ọkọ̀ wá jókòó. O mọ òfin wa."

Mo gbọ́ ohùn ọmọ-ọmọ mi lẹ́yìn rẹ̀, èdè òyìnbó ló ń sọ.

"Bàbá, mo ti ń rò ó bọ̀. Ẹ máa gùn ún."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni mo fún. Ẹ̀yin ni olówó ọkọ̀ báyìí. Ẹ jókòó sí i, ẹ dán an wò fúnra yín. Kò dáa kó kàn wà nílẹ̀ kó máa dúró dè mí."

"Iléyá ńkọ́?"

"Bàbá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé níbí ni. Àwọn ọmọ ti wọlé ìwé. Ẹ má bínú. Màá máa pè yín."

Mo ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á pèsè." Ẹni tó bá ń bọ̀ wálé kì í fi ọkọ̀ tọrẹ. Ó yé mi yékéyéké. Ṣùgbọ́n Ìyá Kúdí ti bọ́ síta, ó ti ń lọgun ní gbogbo àdúgbò pé, "Ẹ wá gbọ́ o! Táófíkì fún bàbá rẹ̀ ní mọ́tò!"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ Gọ́ọ̀fù, mo gbé e jáde sí ọ̀nà Gbọ̀ngán, mo wá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó dá. Olówó ọkọ̀ ló wà nídìí sítíárì, òun náà ló ṣe iṣẹ́, kò sẹ́ni tó jókòó tì í. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbóná. Ó dúró ṣánṣán. Kò fà sí ọ̀tún, kò fà sí òsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dún pín-ín. N kò ṣe iṣẹ́ tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè, ó dáa. Ẹ kọ́ ọ bí ọwọ́ yín bá fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wá ẹni tí ẹ ó jọ máa ṣe é, kí ẹ sì máa tọ́jú rẹ̀, nítorí mo yíjú sí àga ẹ̀gbẹ́ mi láti sọ pé bíréèkì ti mú, n kò rí ẹni sọ ọ́ fún.

Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti kún iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ mọ̀ pé nílùú wa, mọ́tò kì í bọ́ sọ́wọ́ èèyàn ká má fọ̀ ọ́. Olówó ọkọ̀ á ra nǹkan mímu, àwọn ará àdúgbò á mu ún, wọ́n á sì ṣàdúrà. Mo ní kí wọ́n gbé míńrà wá. Ìyá Kúdí pín dòdò fún wọn nínú ewé. "Ẹ kú oríire, Ọ̀gá Gání!" "Ẹ kú èrè ọmọ!" "Ẹ wo bíbí ire!" Mo ń dáhùn, mo ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro mí. Bó bá jẹ́ pé wọ́n mọ ohun tó wà nínú mi ni, bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú ni wọn ì bá kí mi.

Ààfáà àdúgbò wa gbé ọwọ́ lé iwájú ọkọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ mi kò ní kọ, ó ní ọkọ̀ náà kò ní mu ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ṣe àmín. Ó ní, "Ọmọ tó fún yín ní mọ́tò yìí, Ọlọ́run á mú un wálé wá bá yín láyọ̀." Gbogbo wọn ṣe àmín lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì gbé ìgò wọn padà sẹ́nu.

Ìgbà tí wọ́n dákẹ́ tán ni èmi tó rí ohùn ṣe àmín tèmi.